Ìwọ́, Eyín àti Ẹ̀jẹ̀: Bí A Ṣe Kọ́ Láti Wọn Májèlé Tí Ojú Kò Rí

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ lórí rédíò wa ní alẹ́ ọjọ́ kan ni mo kọ síbí yìí, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú yín ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ lè rí i kà fún àwọn tí kò gbọ́. Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni.

Kò sí ẹni tó máa kọ́ ìyá ọlọ́jà ní ohun tí à ń pè ní ìwọ̀n. Ẹ mọ tóńgòló tó pé, ẹ sì mọ èyí tí wọ́n ti lu ìdí rẹ̀ wọnú. Bí ènìyàn bá wo méjèèjì láti òkèèrè, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìgbà tí a bá wọn àgbàdo sí i ni a tó mọ èyí tó ń rẹ́ni jẹ. Májèlé kan wà tó rí bẹ́ẹ̀ nínú oúnjẹ, nínú omi àti nínú ara ènìyàn. Bó bá kéré, kò ní òórùn, ahọ́n kò mọ̀ ọ́n, omi tó wà nínú rẹ̀ sì lè mọ́ gaara. Ìwọ̀n nìkan ló lè tú u fó.

Àwọn irin wíwúwo ni mò ń sọ. Òjé wà lára wọn, èyí tí àwọn apẹja máa ń so mọ́ ẹsẹ̀ àwọ̀n kó lè rì. Mẹ́kúrì náà wà lára wọn, omi funfun tó ń dán bí fàdákà, tí a máa ń rí nínú gíláàsì tí a fi ń wọn ibà láyé àtijọ́. Bí wọ́n bá ti wọ ara, wọn kì í tètè jáde. Ọpọlọ ọmọ kékeré ni wọ́n sì ń bàjẹ́ jù.

Ìtàn bí àwọn ènìyàn ṣe kọ́ láti wọ̀n wọ́n gùn. Ohun mẹ́ta láti ara ọmọ ni mo fẹ́ fi sọ ọ́: ìwọ́ rẹ̀, eyín rẹ̀, àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Ìwọ́

Nílẹ̀ wa, bí ìwọ́ ọmọ bá já, a máa ń rì í mọ́lẹ̀ ni. Nílẹ̀ Japan, ọ̀pọ̀ ìyá máa ń jẹ́ kó gbẹ, wọ́n á sì tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí igi kékeré kan títí ọmọ yóò fi dàgbà. Ẹ fi àpótí yẹn sọ́kàn, a óò padà sí i.

Ìlú apẹja kan wà ní etí òkun ní gúúsù Japan, Minamata ni orúkọ rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà ńlá kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Chisso. Láti 1932 ni ilé-iṣẹ́ náà ti ń lo mẹ́kúrì nínú iṣẹ́ rẹ̀, tó sì ń da omi ìdọ̀tí sínú òkun. Mẹ́kúrì inú ìdọ̀tí yẹn wọ ara àwọn kòkòrò inú omi. Ẹja kékeré jẹ kòkòrò, ẹja ńlá jẹ ẹja kékeré, ènìyàn sì jẹ ẹja ńlá. Bó ṣe ń gòkè ni májèlé náà ń pọ̀ sí i.

Àwọn ológbò ló kọ́kọ́ fi hàn. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ológbò tó ń jẹ ẹja ní etíkun bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń yí gbirigbiri, òmíràn ń já sínú òkun. Àwọn ará ìlú ní ológbò ń jó. Lẹ́yìn náà ló kan ènìyàn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1956, wọ́n gbé ọmọdébìnrin kan tí kò tíì pé ọmọ ọdún 6 wá sí ilé ìwòsàn ilé-iṣẹ́ náà. Kò lè rìn dáadáa mọ́, kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa, gìrì sì ń mú un. Kò pẹ́, ó mú àbúrò rẹ̀ náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, dókítà àgbà ilé ìwòsàn yẹn, Hajime Hosokawa, ránṣẹ́ sí àwọn elétò ìlera pé àìsàn kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ orúkọ rẹ̀ ti wọ̀lú.

Àwọn olùkọ́ ní Yunifásítì Kumamoto gba iṣẹ́ náà. Wọ́n wọn ẹja, wọ́n wọn ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun, wọ́n wọn ara àwọn tó ti kú. Ní 1959 wọ́n sọ ọ́ síta pé mẹ́kúrì ni. Lọ́dún yẹn kan náà, Dókítà Hosokawa da omi ìdọ̀tí ilé-iṣẹ́ náà sí oúnjẹ ológbò kan láti dán an wò. Àìsàn kan náà ló ṣe ológbò náà. Àwọn ọ̀gá kò jẹ́ kó sọ ọ́ síta. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n tún fi ń da ìdọ̀tí náà, títí di 1968.

Ibi tó kan ẹ̀yin ìyá ni mo dé yìí. Àwọn ọmọ kan wà ní Minamata tí wọ́n bí àìsàn mọ́ wọn. Wọn kò lè gbé ọrùn dúró, wọn kò lè jókòó, wọn kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn dókítà ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹja, nítorí pé ọmọ ọwọ́ kò jẹ ẹja, ara ìyá wọn sì dá ṣáṣá. Ohun tí ìwé kọ́ àwọn dókítà ìgbà náà ni pé ibi ọmọ dà bí odi, pé kì í jẹ́ kí májèlé kọjá sára ọmọ.

Àwọn ìyá kò gbà. Wọ́n sọ fún dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Masazumi Harada pé àwọn jẹ ẹja yẹn nígbà tí àwọn lóyún, pé láti inú àwọn ló ti bá ọmọ. Harada jókòó, ó gbọ́ wọn. Ó ń lọ láti ilé dé ilé. Nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà kú, tí wọ́n yẹ òkú rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá ló ṣẹ. Ní 1962, wọ́n kà wọ́n mọ́ àwọn tí àìsàn Minamata ń ṣe.

Ìgbà tó yá ni wọ́n rántí àpótí igi. Wọ́n tọrọ ìwọ́ gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá, wọ́n sì wọn mẹ́kúrì inú rẹ̀. Ìwọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní àkókò tí ilé-iṣẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ gan-an ni mẹ́kúrì ti pọ̀ jù. Ìwọ́ àwọn tí wọ́n bí nígbà tí iṣẹ́ yẹn rọlẹ̀, mẹ́kúrì inú rẹ̀ kéré. Ní 1975 ni èsì náà jáde nínú ìwé àwọn onímọ̀. Ẹ wò ó: ohun tí ìyá fi ìfẹ́ pa mọ́ sínú àpótí ló wá di ẹlẹ́rìí ọmọ rẹ̀.

Eyín

Bí eyín ọmọ wa bá bọ́, orí òrùlé ló máa ń jù ú sí. Ní Amẹ́ríkà, dókítà ọmọdé kan, Herbert Needleman, bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n má sọ eyín ọmọ nù, kí wọ́n kó o wá fún òun.

Ìdí rẹ̀ nìyí. Láyé ìgbà náà, ohun tí àwọn dókítà gbà ni pé ọmọ tí òjé kò bá mú ní gìrì, tí kò bá dákú, kò sí ohun tó ṣe é. Needleman kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ń rí àwọn ọmọ tí kò ṣàìsàn, àmọ́ tí ìwé kò wọ̀ lórí. Bó bá wọn ẹ̀jẹ̀ wọn, ẹ̀jẹ̀ lè má sọ ju ti àìpẹ́ yìí lọ, nítorí pé òjé kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó lọ fara pa mọ́ sínú egungun àti eyín. Eyín ló ń tọ́jú ti ọdún pípẹ́, bí ìyá àgbà ṣe ń tọ́jú owó sí ìsàlẹ̀ àpótí.

Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní ìlú Chelsea àti Somerville kó eyín wọn wá. Wọ́n mú ọmọ 58 tí òjé pọ̀ nínú eyín wọn, wọ́n fi wọ́n wé 100 tí òjé kéré nínú eyín tiwọn. Kò sí èyí tó ṣàìsàn nínú wọn. Síbẹ̀, àwọn tí òjé pọ̀ nínú eyín wọn kò ṣe tó àwọn yòókù nínú ìdánwò ọpọlọ. Wọ́n tún bi àwọn olùkọ́ nípa àwọn ọmọ bí 2,146, láìsọ fún wọn iye òjé tó wà nínú eyín ẹnikẹ́ni. Bí òjé ṣe ń pọ̀ sí i nínú eyín ni àwọn olùkọ́ ń sọ pé ọmọ yìí kì í fọkàn sí nǹkan, pé kì í parí ohun tó bá bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1979 ni èsì yẹn jáde. Ẹ bá mi rò ó: ọmọ mélòó ni wọ́n ti nà, tí wọ́n ti pè ní olódo, tó jẹ́ pé òjé ló ń bá jà?

Níbo ni òjé náà ti wá? Ọ̀dà ara ògiri ni apá kan, ẹ̀sáǹsì ọkọ̀ ni apá kejì. Láti 1923 ni wọ́n ti ń po òjé mọ́ ẹ̀sáǹsì kí ẹ́ńjìnnì má baà máa kan gbàgbà. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ìwọ̀n rí bó ṣe tàn ká kì í ṣe dókítà rárá. Onímọ̀ òkúta ni, Clair Patterson ni orúkọ rẹ̀. Òjé inú òkúta ló ń wọ̀n láti fi mọ ọjọ́ orí ilé ayé, ṣùgbọ́n òjé tí òun kò fi síbẹ̀ ń wọnú iṣẹ́ rẹ̀ ṣáá. Ó rí i pé inú afẹ́fẹ́ ló ti ń wá, lára aṣọ, lára irun, nínú omi tí wọ́n fi ń fọ ìgò. Ó ní láti ṣe yàrá kan tó mọ́ tónítóní kó tó lè wọ̀n ọ́n bó ṣe tọ́. Ní 1965 ó kọ̀wé pé òjé tó wà lára àwọn ará Amẹ́ríkà tó nǹkan bí ìlọ́po 100 iye tó yẹ kó wà lára ènìyàn. Àwọn tó ń fi òjé jẹun bá a jà, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ dúró.

Nígbà tí Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í dín òjé inú ẹ̀sáǹsì kù, wọ́n ń wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú. Láàárín 1976 sí 1980, òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn lọ sílẹ̀ ju ìdá mẹ́ta kan lọ. Ó wá hàn pé ohun tí ènìyàn fi wọ ara, ènìyàn lè dá a dúró. Ní ilẹ̀ Áfíríkà tiwa, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nísàlẹ̀ Sàhárà fi òpin sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006. Algeria ló kẹ́yìn gbogbo ayé, ní 2021.

Ẹ̀jẹ̀

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ní Senegal, létí Dakar, àdúgbò kan wà tó ń jẹ́ Thiaroye-sur-Mer. Wọ́n ti ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ àlòkù níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀ láti yọ òjé inú rẹ̀. Nígbà tí owó òjé gbówó lórí, àwọn obìnrin ń sẹ́ yanrìn ibẹ̀ láti ṣa òjé tó ṣẹ́kù, wọ́n ń gbé e wọlé, wọ́n ń tà á. Ọmọ wà lẹ́yìn wọn, ọmọ ń ṣeré nínú yanrìn. Láti oṣù kọkànlá 2007 sí oṣù kẹta 2008, ọmọ 18 kú. Gìrì ló ń mú wọn. Ẹni tó rí gìrì nílẹ̀ wa, ibà ni yóò kọ́kọ́ rò, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ìgbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ tó yé ayé. Ẹni tí tiẹ̀ kéré jù nínú wọn ní nǹkan bí 40.

Kí ni 40 yẹn? Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀nà ọjà ṣàlàyé. Ẹ mú Maggi kékeré kan tó wọn gíráàmù 4, ẹ gé e sí mẹ́rin, ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ pò ó mọ́ omi àgbá ńlá 100, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 200. Ṣé adùn Maggi yóò wà nínú omi náà? Kò lè sí. Bó bá jẹ́ òjé ni ẹyọ kékeré yẹn, tó sì jẹ́ ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo omi yẹn, iye tí àwa elétò ìlera ń pè ní 5 nìyẹn. Láti 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ti tó 5, kí a wá ibi tí òjé ti ń bá a, kí a sì dá a dúró. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1960, ó di 60 kí wọ́n tó bẹ̀rù. Ní 1991 wọ́n sọ ọ́ di 10, ní 2012 ó di 5, ní 2021 ó di 3.5. Bí ìwọ̀n ṣe ń péye sí i, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń rí i pé díẹ̀ náà ń bàjẹ́. Títí di òní, kò sí iye òjé kankan tí a mọ̀ tí kò léwu fún ọmọ.

Ní 2010, ó ṣẹlẹ̀ ní Zamfara, ní àríwá Nàìjíríà. Òkúta tí wọ́n ń lọ láti yọ góòlù ní òjé nínú. Wọ́n ń lọ̀ ọ́ nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ọkà, nínú ọgbà ilé. Ó kéré tán, ọmọ 400 ló kú.

Èyí tó wá kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ni ti ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, ní 2011. Ọmọ oṣù 6 kan ni, ọmọ àwọn ará Nàìjíríà. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n rí 13. Kò sí ọ̀dà tó ń bó nílé, kò sí bátìrì. Wọ́n wá a títí, wọ́n bá a ní ojú ọmọ. Tìróò ni. Wọ́n wọn tìróò náà: nínú gíráàmù 100 rẹ̀, ó lé ní 80 tó jẹ́ òjé. Kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Ẹ̀yin ìyá mi, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di tèmi. Àkọ́bí mi, èmi ni mo lé tìróò fún un ní ọjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. Ìyá ọkọ mi ló mú un wá nínú ìgò kékeré, pẹ̀lú igi rẹ̀. Ó pọ́n ojú ọmọ lé, gbogbo ènìyàn ń yìn ín. Mo ti parí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì nígbà náà. Kò sí ẹni tó wọ̀n ọ́n, èmi náà kò béèrè. Iye tó wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ ọ́n mọ́.

Alẹ́ tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí lórí rédíò, ìyá ọkọ mi pè mí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé èmi ni mo wá fún ọmọ mi ní májèlé?"

Mo ní, "Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Màmá. Ìfẹ́ lẹ fi mú un wá. Ìwọ̀n ni gbogbo wa ò ní."

Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní ìgò náà ṣì wà lọ́wọ́ òun, òun ń tọ́jú rẹ̀ de ọmọ tó ń bọ̀. Mo ní kó dì í sínú ọ̀rá kó so ó pinpin, kí ọmọdé má dé ibẹ̀, kó má sì dà á sí ẹ̀bá kànga. Mo lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó wà lọ́wọ́ wa

Ilé ìwòsàn kékeré tí mo ti ń ṣiṣẹ́ kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn òjé. Àmọ́ ohun tí wọ́n ti wọ̀n níbòmíràn, a lè fi ṣọ́ ọmọ tiwa nílé.

Ẹ má lé tìróò fún ọmọ mọ́. Ojú ọmọ kò nílò rẹ̀ kó tó dán. Bí ẹnikẹ́ni bá ń fọ́ bátìrì ọkọ̀ nítòsí ilé tàbí nítòsí ibi tí ẹ ti ń ta oúnjẹ, ẹ kó ọmọ kúrò níbẹ̀, ẹ pe olórí àdúgbò. Ọkùnrin tó bá ń ṣe iṣẹ́ bátìrì, kó bọ́ aṣọ iṣẹ́, kó sì wẹ̀ kó tó gbé ọmọ. Omi síse ń pa kòkòrò, kò lè lé òjé jáde. Nítorí náà, orísun omi ni kí á ṣọ́.

Ìpara àti ọṣẹ abóra, mẹ́kúrì wà nínú òmíràn. Ẹ rántí ohun tí àwọn ìyá Minamata fi kọ́ àwọn dókítà: ohun tó bá wọ ara aláboyún, ó lè dé ara ọmọ. Ní 2013, àwọn orílẹ̀-èdè ayé ṣe àdéhùn kan lórí mẹ́kúrì, wọ́n sì fi orúkọ ìlú yẹn pè é, Àdéhùn Minamata. Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìpara lọ́jà, èyí tí kò bá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má tà á fún ọmọ ẹlòmíràn.

Ẹja ńkọ́? Ẹ máa jẹ ẹja yín. Ohun tí ilé-iṣẹ́ dà sínú òkun ló ba ti Minamata jẹ́. Ẹja kéékèèké ni mẹ́kúrì sábà máa ń kéré jù nínú rẹ̀. Ọmọ tó bá ń jẹ ẹja, ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ dáadáa, ara rẹ̀ kì í gba òjé tó ti ọmọ tí ebi ń pa.

Bí gìrì bá sì mú ọmọ tí kò ní ibà, tàbí tí oògùn ibà kò ran, ẹ sọ fún dókítà ohun tó wà nínú ilé: tìróò, bátìrì, ìpara. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n. Ẹ má tijú. Kí ìwọ̀n tó sọ̀rọ̀ ní Minamata, àwọn ìyá ti kọ́kọ́ sọ ọ́.